Kẹ́ ẹ tó gbé èrò lálẹ́
Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń wa bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà, ẹ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni lálẹ́ o. Òfin FAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, ní kẹ́ ẹ ti gbéra lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru láàárín 90 ọjọ́ tó kọjá, kí bàálù sì dúró pátápátá. Kí táyà kàn fara kan ilẹ̀ kẹ́ ẹ tún gbéra, wọn ò kà á. Ibi tó ti ń mú èèyàn ni pé wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni "òru" yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ti balẹ̀ rí ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, mo fi bíírò kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà, òfo ni! Epo ńkọ́? Tó bá jẹ́ ojú yín lẹ fi ń wo ọ̀nà lọ, tí kì í ṣe irinṣẹ́ inú bàálù, epo tó máa ṣẹ́kù tẹ́ ẹ bá débi tẹ́ ẹ ń lọ gbọ́dọ̀ tó fò fún 45 ìṣẹ́jú sí i lálẹ́, 30 lọ́sàn-án.