Tún Àròkọ Rẹ Lórí *Pride and Prejudice* Ṣe Kó O Tó Fi Sílẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé àròkọ wá bá mi ní Lágere, n'Ífẹ̀, bí wọ́n bá ti rí "ipò láwùjọ àti ọ̀rọ̀ obìnrin" nínú ìbéèrè, ńṣe ni wọ́n máa ń là á sí méjì: apá kan fún olówó àti tálákà, apá kejì fún obìnrin. Tú u palẹ̀. Nínú ìwé tí Jane Austen gbé jáde ní 1813 yìí, ìdí kan náà ni wọ́n ti so méjèèjì.

Fi bírò pupa fa gbogbo gbólóhùn tó lè bá ìwé mìíràn mu. "Wọ́n ń fìyà jẹ obìnrin láyé àtijọ́": nínú ìwé wo? Pa á rẹ́. Ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé náà, gé e kúrò.

Wá mú ibì kan ṣoṣo, kó o jókòó tì í. Orí 22 lèmi máa ń yàn fún wọn, níbi tí Charlotte Lucas ti gbà láti fẹ́ Collins, àlùfáà tó máa jogún Longbourn, ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Bennet ìbátan rẹ̀, tí Bennet bá kú (ọkùnrin tí èmi ò lè bá jẹun lórí tábìlì kan náà). Ọmọ ọdún 27 ni Charlotte. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó joyè "Sir," ìṣòwò ò bá a lára mu mọ́, ó pa á tì. Oyè dé, owó ọmọbìnrin ò tó nǹkan. Bí ìyá rẹ̀ ṣe gbọ́ pé Collins fẹ́ ẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọdún tó kù tí Ọ̀gbẹ́ni Bennet máa lò láyé! Àwọn ọmọkùnrin ilé Lucas mí kanlẹ̀, torí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n pé Charlotte máa kú láìlọ́kọ. Kọ ìpínrọ̀ kan lórí ìṣírò ìyá yẹn nìkan: ta ló ń retí ikú ta, kí sì ni ìgbéyàwó ọmọ kan máa mú wọlé fún gbogbo ẹbí?

Má sì fi ojú Ifẹ̀ wo ogún Longbourn. Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin máa ń bá wọn pín ogún bàbá, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ ọ́ pé Bennet ò fẹ́ràn àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ márààrún. Rárá o. Wọ́n ti so ilẹ̀ náà mọ́ àrólé ọkùnrin, kò sì láṣẹ láti yí i padà. Àléébù tiẹ̀ ni pé kò fowó pamọ́.

Níparí, má tún ìbẹ̀rẹ̀ kà sí wa létí. Elizabeth, ọmọbìnrin Bennet, ọmọ 20 ọdún, tí owó tiẹ̀ náà ò tó nǹkan, ti kọ Collins kan náà. Kí ló fún un láyà? Ibẹ̀ ni kó o lo ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn fún.