Ọjọ́ Wo Ni Ẹjọ́ Rẹ? Bí Ìjọ Ṣe Lè Dúró Ti Ẹlẹ́wọ̀n Tí Kò Tíì Gba Ìdájọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń kó ìrẹsì, búrẹ́dì àti ọṣẹ sínú ọkọ̀, wọn a wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn a sì kọrin lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọn a wàásù, wọn a gbàdúrà, wọn a pín ohun tí wọ́n kó wá, wọn a sì fi ayọ̀ padà sílé. N kò bẹnu àtẹ́ lu èyí, nítorí ọṣẹ tí ẹlẹ́wọ̀n gbà lọ́jọ́ náà kì í ṣe ohun kékeré lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi. Ìdájọ́ ni wọ́n ń dúró dè, àwọn mìíràn sì ti dúró pẹ́ débi pé, ká tilẹ̀ ní wọ́n jẹ̀bi, ìjìyà ẹ̀sùn náà kò tó iye ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ jù ni kí ẹnì kan bi í pé, "Ọjọ́ wo ni ẹjọ́ rẹ?", kí onítọ̀hún kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tẹ̀lé e títí yóò fi yanjú.

Wòlíì Míkà kó ohun mẹ́ta pọ̀ sínú ẹsẹ kan ṣoṣo ní orí kẹfà ìwé rẹ̀: kí ènìyàn ṣe ohun tó tọ́, kí ó fẹ́ àánú, kí ó sì bá Ọlọ́run rẹ̀ rìn ní ìrẹ̀lẹ̀. Àwa pín wọn láàárín ẹgbẹ́ inú ìjọ. Àwọn aláàdúrà ń gbàdúrà, Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì ń ṣàánú, ọ̀rọ̀ ohun tó tọ́ kò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé àwọn kan so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bóyá a kì bá tí mọ orúkọ Àjàyí Crowther, ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n tà á sí dúró, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1807 láti fòpin sí òwò ẹrú ló rán ọkọ̀ ogun náà níṣẹ́. Àwọn onígbàgbọ́ bíi William Wilberforce gbàdúrà fún òfin náà, wọ́n sì jà fún un nílé ìgbìmọ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún, nígbà tí Thomas Clarkson ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn, tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn awakọ̀ ojú omi lẹ́nu wò, tó sì ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ má kó èrò jọ. Ènìyàn márùn-ún tí yóò máa wá lóṣooṣù sàn ju àádọ́ta tí yóò wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó ń ṣàkóso ọgbà ẹ̀wọ̀n tó súnmọ́ yín, lórí ìwé tí orúkọ ìjọ wà lókè rẹ̀, kí àlùfáà yín fọwọ́ sí i. Ẹ tún wá àlùfáà tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà rí, nítorí òun ló mọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò. Àwọn gan-an ni kí ẹ béèrè. Ẹni mẹ́ta ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn líle, kí ẹ sì fi ojú ewé méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti ń jẹ́ ẹ nílé, kí ẹ tún kọ ọ́ bí ó ti wà lórí ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ fi rán an wá, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣì kọ lè mú kí ẹ wá fáìlì rẹ̀ títí láìrí i. Ẹ kọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ọjọ́ tí wọ́n mú un, àgọ́ ọlọ́pàá tó ti wá, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, ìgbà tó débẹ̀ gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, bóyá wọ́n ti fún un ní béèlì àti ohun tí wọ́n ní kó mú wá, nọ́ńbà ará ilé rẹ̀ kan, àti èdè tó gbọ́. Ẹ má gbàgbé èdè. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbẹ́jọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀, síbẹ̀ mo ti bá àwọn àgbẹ̀ pàdé tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo bi ọmọkùnrin kan léèrè ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ẹni tó jókòó tì í ló yíjú sí, ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí n padà wá?" Ẹni yẹn náà kò mọ̀. Nígbà tí a wádìí, ilé ẹjọ́ ti fún ọmọkùnrin náà ní béèlì láti oṣù méje sẹ́yìn, onídùúró méjì péré ni wọ́n ní kó mú wá, ṣùgbọ́n kò sí ará ilé rẹ̀ tó mọ ibi tó wà. Nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ lórí. Ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tẹ orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń tẹ fóònù. Wọ́n ti gba fóònù tèmi lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ìgbà tí mo jáde ni mo tó pe ìyá náà. Mo dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó wà láàyè?" Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí àbúrò bàbá rẹ̀ àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wá dúró fún un. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbàdúrà fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́ láìdárúkọ ẹnì kan.

Àdúrà tó ní orúkọ àti ọjọ́

Nínú ìpàdé àdúrà yín, kí ẹnì kan ka orúkọ kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ gbàdúrà fún adájọ́ tí yóò jókòó lọ́jọ́ náà, fún ọlọ́pàá tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti fún ẹni tí wọ́n jí ohun ìní rẹ̀ tàbí tí wọ́n ṣe léṣe, nítorí pé ìdájọ́ tí ń fà nílẹ̀ ń jẹ òun náà níyà. Lẹ́yìn àmín, ẹ má tíì dìde. Kí ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ béèrè ohun tó kù láti ṣe àti ẹni tí yóò ṣe é. Bí Nehemáyà ti ṣe níyẹn ní orí kejì ìwé rẹ̀: ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run níwájú ọba, lójú ẹsẹ̀ náà ló sì béèrè ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́tà sí àwọn gómìnà, àti igi ìkọ́lé.

Títẹ̀lé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Abala 35 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé kí ọlọ́pàá gbé ẹni tí wọ́n fura sí dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, àti láàárín ọjọ́ méjì, tàbí iye àkókò tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bójú mu, bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ikú nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tó wà fún ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ tàbí ìyàwó dípò ọkọ. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn, Èkó sì ti ṣe tirẹ̀ láti 2007. Ẹ ní ẹ̀dà òfin ìpínlẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì kà á.

Fún ẹni tí wọ́n ti fún ní béèlì, onídùúró ni ẹ ó wá, láàárín ẹbí rẹ̀ ná. Bí ará ìjọ bá fẹ́ dúró fún un, ẹ ṣàlàyé fún un kedere pé owó tó wà nínú ìwé béèlì lè di gbèsè sí i lọ́rùn bí ẹni náà bá sá lọ. Bí béèlì náà bá le ju agbára tálákà lọ, agbẹjọ́rò lè tọrọ kí ilé ẹjọ́ dín in kù.

Ẹ̀sùn ìdigunjalè tàbí ìpànìyàn yàtọ̀. Adájọ́ májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́ ọ, nítorí náà ó máa ń ní kí wọ́n fi ẹni náà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi ti ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ wá. Níbẹ̀ ni ẹjọ́ ti sábà máa ń sùn. Ó lè jẹ́ pé ọlọ́pàá tó ṣèwádìí ti lọ sí ìlú mìíràn, kí ẹ̀dà fáìlì má sì tíì kúrò ní àgọ́ rárá. Ẹ lọ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó dáhùn àti ọjọ́ tó dáhùn, kí ẹ sì padà lọ lóṣù tó tẹ̀lé e.

Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ wà. Ìjọba dá Legal Aid Council sílẹ̀ ní 1976 fún àwọn tí kò lówó, Èkó sì ní Office of the Public Defender. Bí agbẹjọ́rò bá wà nínú ìjọ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní òwúrọ̀ kan lóṣù. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba àwo nílé ìjọsìn nígbà tí ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún wọn wà nílẹ̀ láìlò. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà a máa bẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò láti tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín ti kó orúkọ àti ọjọ́ inú ìwé yín jọ kí adájọ́ àgbà tó dé.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, kí ẹni méjì lọ jókòó sílé ẹjọ́, nítorí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ múra dáadáa, ẹ pa fóònù, ẹ má bá adájọ́ sọ ohunkóhun nípa ẹjọ́ náà. Ẹ kàn wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí ó bá wẹ̀yìn, tí ó rí ojú tó mọ̀, ẹ ó rí bí ó ṣe máa na ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó máa dúró ṣánṣán.

Àánú àti ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tó rà á. Ọṣẹ, oògùn ara yíyún, páàdì fún àwọn obìnrin, wàrà àti ìlédìí fún ìyá tó ní ọmọ lọ́wọ́ níbẹ̀: ìwọ̀nyí sàn ju ìrẹsì ọjọ́ kan lọ. Àwọn kan wà tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n, tí owó náà kò sì tó iye tí ẹgbẹ́ kan ń ná lórí aṣọ ọdún. Ẹ san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní rìbá. Ara ògiri àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, owó tí ẹ bá sì yọ fúnni lónìí ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ opó tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹ má bi ẹlẹ́wọ̀n bóyá ó jẹ̀bi, nítorí ìbéèrè ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ ra ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀; ẹ kọ orúkọ òun náà sínú ìwé. Ẹ má sì ṣèlérí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìrètí tí kò bá ṣẹ ń dun ẹni tó wà lẹ́yìn irin ju ebi lọ.

Bí wọ́n bá tú ẹnì kan sílẹ̀, kí ọ̀kan nínú yín wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó ọkọ̀, bàtà àti aṣọ mímọ́. Kí ó tó délé, ẹ ti lọ rí àwọn ẹbí rẹ̀, onílé rẹ̀ àti ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́, kí ó má baà bá ilẹ̀kùn mìíràn ní títì. Bí ó bá wá sí ìjọ, ẹ má pè é síwájú kó wá jẹ́rìí àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́. Ẹ má fa ìlà pa orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa pè é fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ sì ṣí ojú ewé méjì mìíràn fún ẹni tó kàn.