Ẹ wo ara síríńjì kí ẹ tó gún ajá tàbí ológbò yín ní ínsúlínì

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ajá tàbí ológbò rẹ̀ bá ní àtọ̀gbẹ láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ síríńjì yín wò lónìí. Ẹ máa rí U-40 tàbí U-100 lára rẹ̀: iye ẹyọ ínsúlínì (oògùn tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀) tó wà nínú mílílítà kan nìyẹn. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ bá ti ara ìgò ínsúlínì mu. Caninsulin tí wọ́n ṣe fún ẹranko, U-40 ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti ènìyàn, U-100 ni. Bí ẹ bá fi síríńjì U-40 fa ínsúlínì U-100, ìlọ́po méjì ààbọ̀ ohun tí dókítà kọ ni yóò wọ ara ẹranko náà. Ìyẹn sì lè pa á. Ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀ ìdérí síríńjì o, nọ́ńbà ni kí ẹ kà.

Kó jẹun kí ẹ tó gún un. Bí kò bá jẹun, tàbí tó ń bì, ẹ kọ́kọ́ pe dókítà ẹranko.

Tó bá ń gbọ̀n, tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ fi oyin díẹ̀ pa èrìgì rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lọ́fun.

Bí ẹ bá sì gún un tí kò dá yín lójú pé oògùn náà wọlé (àwọn ológbò kì í dúró jẹ́ẹ́), ẹ má gún òmíràn lé e. Kí ṣúgà ga díẹ̀ títí di àkókò abẹ́rẹ́ tó kàn sàn ju kó já wálẹ̀ lójijì.