Ìwé Wo Ló Bá Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín Mu?

Ìtọ́sọ́nà fún apẹja àti awakọ̀ ojú omi tó fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ẹ́ńjìnnì

Kí ẹ tó yọ owó ìwé lápò, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ wo irin tí ẹ fi de ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó. Lára ọ̀pọ̀ Yamaha, apá òsì irin yẹn ni wọ́n lẹ àmì kékeré kan mọ́, tó ní orúkọ irú ẹ́ńjìnnì náà àti nọ́ńbà rẹ̀. Iyọ̀ lè ti bò ó. Ẹ fi àkísà àti omi tí kò níyọ̀ nù ún, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, kí ẹ wá fi fóònù yà á. Fọ́tò yẹn ni ẹ ó gbé lọ bá ẹni tó ń ta ìwé.

“Fọ́tì ni tèmi”, ìyẹn ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin ogójì, kò tó. Fọ́tì tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ wà, fọ́tì tí ọ́ìlì tirẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀ bíi ti mọ́tò náà wà, ìwé wọn ò sì jọra. Ti tòkunbọ̀ tún le jù: ìdérí tí ẹ ń wò lókè lè má jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Àwòrán iwájú ìwé ni mo wò tí mo fi sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo ń wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ pípo ọ́ìlì, mi ò rí i, torí ẹ́ńjìnnì oríṣi kejì ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Oríṣi ìwé mẹ́ta ló wà, bẹ́ẹ̀ “mánúà” ni àwọn tó ń tà á ń pe gbogbo wọn. Èkíní ni ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bá ẹ́ńjìnnì tuntun wá: ìwọ̀n ọ́ìlì, ìgbà tí a ń pààrọ̀ gíá ọ́ìlì (ọ́ìlì inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí gíá wà), bí a ṣe ń fọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Èkejì ni ti mẹkáníìkì, ó nípọn, ó sì gbà pé irinṣẹ́ pàtàkì ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kẹta ni ìwé páàtì, àwòrán àti nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rí, èkíní àti ẹ̀kẹta ni mo máa ní kó rà. Ìwé nípọn lọ́wọ́ ẹni tí kò ní sípánà tó péye, ẹrù lásán ni.

Bí ẹ bá ti dì í mú, ẹ ṣí i sí ibi gíá ọ́ìlì. Ìwé tó mọ iṣẹ́ á ní kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kí ẹ tó tú tòkè, kí ọ́ìlì lè dà jáde tán. Á ní kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọlé, rọ́bà ìdè kan ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti ihò ìsàlẹ̀ náà ni a ti ń rọ tuntun títí á fi yọ ní ihò òkè. Ẹ ó dí tòkè ná, kí ẹ tó yọ ẹnu ike ọ́ìlì kúrò nísàlẹ̀ kí ẹ sì dí i, pẹ̀lú wáṣà tuntun. Ìwé tó bá ní ká máa rọ ọ́ látòkè, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ wo ìwọ̀n ìdè náà, ìyẹn bó ṣe yẹ ká fún nǹkan le tó. Ìwé kan lè kọ 25 N·m fún púlọ́ọ̀gì, kí òmíràn kọ 2.5 kgf·m, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá ṣi méjèèjì mú fúnra wọn á já ẹnu ihò púlọ́ọ̀gì. Ti ọ́ìlì pípò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ pé 50:1, ìyẹn ìdajì lítà ọ́ìlì sí kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́ rẹ̀. Ohun tí ìwé tiyín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe tèmi.

Ẹ tún wá ojú ewé tó ń sọ ohun tí a ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò jí. Kó bẹ̀rẹ̀ látorí epo, ọ̀pá epo àti púlọ́ọ̀gì, kó tó kan ṣíṣí orí ẹ́ńjìnnì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀dà orí fóònù ò burú, àmọ́ ẹ fa àwòrán wáyà tóbi kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ ò bá lè mọ wáyà aláwọ̀ ewé yàtọ̀ sí aláwọ̀ búlúù, kò wúlò. Èdè náà ṣe kókó: àwọn ará apá Kútọnu lè rí ti Faransé, àwa tibí á mú ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ tó mọ̀wé nílé kà á sókè bí bàbá ti ń tú nọ́ọ̀tì.

Ẹ tẹ ojú ewé ọ́ìlì pípò, gíá ọ́ìlì àti páńpù omi jáde sórí ìwé, kí ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kó máa wà nínú ọkọ̀. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà àmì ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ẹ̀yìn wọn, torí iyọ̀ á ti jẹ àmì yẹn tán kí ẹ́ńjìnnì tó kú.