Rig àlòkù tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe freefly: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tún ṣe lára ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi párásúùtù fò látinú ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ wá rí rig àlòkù tó pọ́kú, ìyẹn àpò ẹ̀yìn tí párásúùtù wà nínú ẹ̀, ẹ má tíì sanwó o. Rig tó dáa fún ẹni tó ń dojú ikùn kọlẹ̀ lè máà dáa rárá fún freefly, ìyẹn fífò téèyàn ti ń jókòó tàbí dorí kodò nínú afẹ́fẹ́. Téèyàn bá dojú ikùn kọlẹ̀, eré tó fi ń já bọ̀ ò ju nǹkan bíi 120 mph lọ, àmọ́ tó bá jókòó sínú afẹ́fẹ́ tàbí tó dorí kodò, ó máa ń tó 160, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí párásúùtù wá ṣàdédé ṣí nínú eré yẹn, ó lè ṣe yín léṣe gidi, ó lè ya, ẹni tó wà lókè yín náà lè já lù yín. Torí náà gbogbo wàhálà yìí ò ju kó má ṣí kẹ́ ẹ tó ṣí i lọ.

Àpò pilot chute, ìyẹn párásúùtù kékeré tó ń fa ńlá jáde, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lára rig àtijọ́ míì, okùn itan ni àpò yẹn wà, ìyẹn ò ṣe é fi ṣe freefly, kí rigger (ẹni tó níwèé àṣẹ láti máa di párásúùtù kó sì máa tún un ṣe) gbé e lọ sísàlẹ̀ container, ìyẹn àpò tí wọ́n ń di párásúùtù sí, ibi tí wọ́n ń pè ní BOC. Tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fa spandex ẹ̀ wò, tó bá ti dẹ̀ bí ọrùn síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Bridle, okùn tó so pilot chute mọ́ párásúùtù ńlá, ò gbọdọ̀ yọ síta níbì kankan látorí àpò dé ìdí píìnì tó ń ti container pa.

Ara píìnì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ta rig fún yín lè ti máa lo canopy (párásúùtù ńlá) tó fẹ̀ tó 190 square feet, ẹ̀yin wá ki 170 sínú ẹ̀, closing loop, okùn kékeré tí píìnì ń gbà kọjá, tó le dáadáa fún un ti wá gùn jù fún yín nìyẹn, píìnì á kàn máa yọ́ jáde fúnra ẹ̀. Ẹ gé òmíràn tó kúrú sí i, kò wọ́n rárá, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ yín. Ẹ tún máa pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti ń hu irun.

Riser cover, ìbòrí èjìká tó bo okùn tó so párásúùtù mọ́ yín lára, tó bá jẹ́ Velcro, máa ń ṣí tó bá ti gbó. Wọ́n lè sọ ọ́ di èyí tó ń ki etí bọnú, àmọ́ owó iṣẹ́ ẹ̀ lè pọ̀ débi pé ẹ ò bá kúkú ra rig míì, èmi ò ní ṣe é.

Okùn itan ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá jókòó sínú afẹ́fẹ́, ó máa ń yọ́ lọ sí orúnkún, èèyàn sì lè bọ́ kúrò nínú harness, ìyẹn okùn tí wọ́n fi de rig mọ́ ara. Bungee kékeré kan tó so méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ìdí ló ń dá a dúró. Nǹkan kékeré ni, ẹ má fojú fò ó o.

Ti ọwọ́ onírin tí wọ́n fi ń ṣí reserve, ìyẹn párásúùtù kejì tó wà fún ìgbà tí ńlá bá kọ̀, àwọn kan máa ń pààrọ̀ ẹ̀ sí onítìmùtìmù kó má fi há nǹkan. Ó dáa, àmọ́ ó ṣòro mú tẹ́ ẹ bá wọ ìbọ̀wọ́, mi ò ní bá ẹni tó bá fi irin ẹ̀ sílẹ̀ jà. Cypres náà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí reserve fúnra ẹ̀ téèyàn ò bá tíì ṣí párásúùtù nígbà tó ti ń sún mọ́lẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, gbogbo Cypres irú àkọ́kọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1991, ti kọjá ọjọ́ lílò.

Kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀ o. Lábẹ́ òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, master rigger (rigger tí ipò ẹ̀ ga jù) ló lè ṣe àtúnṣe ńlá, tó bá sì kan harness tàbí reserve, ó gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ìgbà tí wọ́n fẹ́ di reserve, èyí tó gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ 180, kẹ́ ẹ má baà gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá dé, ẹ wọ̀ ọ́ nílé, ẹ jókòó, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fẹ̀yìn gbá ògiri, ẹ ní kí ẹnì kan máa wo ẹ̀yìn yín, ohunkóhun tó bá yọ, ẹ dá a padà fún rigger. Tí kò bá yọ, ẹ kọ́kọ́ dá nìkan fò ó bíi mélòó kan.