Bẹ́ ẹ ṣe lè mú ibi tẹ́ ẹ máa sùn ní Àgbádárìgì kẹ́ ẹ tó kọjá sí Gberefu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ibo lèèyàn lè sùn tó bá fẹ́ wá wo Point of No Return, ìyẹn etí òkun ní erékùṣù Gberefu tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ lọ sókè òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi, torí ó máa ń dùn mí tí àlejò bá rìnrìn àjò wá sílé wa tó wá lọ sanwó síbi tí kò jẹ́ kó rí nǹkan tó tìtorí ẹ̀ wá.

Ọ̀sà ló pín Gberefu níyà sí ìlú, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ ní jẹ́tì Marina, ìyẹn èbúté tó wà nínú ìlú, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì ẹ ṣì máa rìn lórí iyanrìn kẹ́ ẹ tó dé etí òkun, àmọ́ ọ̀kadà wà fún ẹni tó bá mú àgbàlagbà dání. Jẹ́tì yẹn gan-an ni ẹnu ọ̀nà, òun ni kẹ́ ẹ fi wọn òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó jìnnà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun jìnnà. Èló ni ọ̀kadà ń gbà látọ̀dọ̀ yín dé jẹ́tì Marina? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, owó ọ̀kadà ló máa sọ òótọ́.

Èmi ò ní tan yín, inú ìlú lápá Marina ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ń bọ̀ fúngbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, ilé Seriki Abass tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ náà ò jìnnà, ilé ìdílé Mobee tí wọ́n kó ohun ìrántí òwò ẹrú sí náà wà nínú ìlú.

Àwọn ahéré onípákó tó wà létí òkun dáa lóòótọ́, atẹ́gùn ibẹ̀ ò láfiwé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó ọmọdé bọ̀ ẹ rò ó dáadáa, òkun wa níbí kì í ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́, ìgbì ẹ̀ ń fa èèyàn lọ. Ẹ bèèrè nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, torí ẹ̀fọn, kẹ́ ẹ sì bèèrè bẹ́ ẹ ṣe máa dé ìlú tí ara ọmọ ò bá yá lóru.

Àbúrò ìyá mi kan tó ń gbé Ìkòròdú rí fọ́tò lórí WhatsApp, ó sanwó ọjọ́ méjì tán, ìgbà tó débẹ̀ etí títì ló bá ara ẹ̀, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ní agogo méjìlá, omi sì níyọ̀ débi pé ọṣẹ ò hó lára ẹ̀. Torí náà ẹ san owó alẹ́ kan péré, ẹ wọ yàrá, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ tàbí ṣé sólà ni, kẹ́ ẹ tó san ìyókù.

Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ tí wọ́n máa ń ṣe Badagry Festival, ẹ tètè mú yàrá.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 dé Mile 2, kó wá wọ bọ́ọ̀sì Badagry níbẹ̀. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ọ̀nà ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ ni, ṣẹ́kípọ́ìntì pọ̀ gan-an. Ẹ kọjá sí Gberefu láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ bi ọlọ́kọ̀ nígbà tó máa gbé àwọn ìkẹyìn padà, tí kò bá sì fún yín ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ dúró de òmíì.