Bí mo ṣe gbé ìwádìí ẹ̀fọn dé orí rédíò ní Kétu

Àwọn ìyá tó ń pe ètò wa lórí rédíò níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò yé bi wá ní ìbéèrè kan: àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ó ṣì ń pa ẹ̀fọn? Mo ní n kò ní fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn, àfi kí n wá ìwádìí gidi.

Google Scholar, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo wọ̀. Lábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kọ iye iṣẹ́ mìíràn tó tọ́ka sí i. Èyí tí Raphael N'Guessan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí àwọ̀n olóògùn ní 2007 ta yọ. Àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí i lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. Ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀.

N kò kà á láti òkè. Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣí, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ohun tí wọ́n kà gan-an. Ahéré ni wọ́n lò, ní Ladji ní Kútọnu àti ní Malanville lápá àríwá. Àwọn èèyàn sùn síbẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n olóògùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá lu, kó lè jọ èyí tó ti gbó nílé wa. Bílẹ̀ bá mọ́, wọn a ṣa ẹ̀fọn jọ, òkú àti ààyè, wọn a kà á. Ní Malanville, oògùn pa tó 98 nínú 100. Ní Ladji, nǹkan bí 30 péré ló kú. Pyrethroid, oògùn apẹ̀fọn tó wà lára àwọ̀n náà, kò tu irun kan lára ìyókù.

Ṣé kí n wá lọ sọ lórí rédíò pé àwọ̀n ò wúlò mọ́? Rárá o. Ẹ̀fọn ni wọ́n kà, wọn ò ka ọmọ tí ibà mú. Ìyá tó bá sì gbọ́ “30” lásán, àwọ̀n yẹn á kúrò lórí ibùsùn, wọ́n á fi ṣe ọgbà yí ewébẹ̀ ká. A kúkú ti ń rí i.

Mo padà sórí Google Scholar, mo ní kó fún mi ní ìwádìí àìpẹ́. Bí mo ṣe rí ti 2023 nìyẹn nínú The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, tí Manfred Accrombessi ṣáájú rẹ̀. London School of Hygiene & Tropical Medicine àti CREC, ilé ìwádìí kòkòrò ti Kútọnu, ló jọ ṣe é, ní Cové, Zagnanado àti Ouinhi, àwọn tí a jọ wà ládùúgbò kan náà. Ọmọ wẹ́wẹ́ ni àwọn wọ̀nyí kà. Ká ní ọmọ 100 sùn lábẹ́ àwọ̀n oní-pyrethroid nìkan fún ọdún kan, ibà á mú wọn ní nǹkan bí ìgbà 103. Lábẹ́ èyí tí wọ́n fi oògùn mìíràn, chlorfenapyr, kún, nǹkan bí ìgbà 56. Ti 2007 lókìkí jù ú lọ, ṣùgbọ́n ti 2023 yìí ló dá àwọn ìyá wa lóhùn.

Lórí rédíò, mo sọ Ladji, mo sọ Cové, mo sọ 103 àti 56. Mo ní kí wọ́n wo àlẹ̀mọ́ tí wọ́n rán mọ́ etí àwọ̀n, kí wọ́n mú orúkọ ibẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ìpè tó wá lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ fífọ àwọ̀n ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ní: ọṣẹ lásán, omi tútù, kí wọ́n rọra fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a síbòji, kó má rí oòrùn.